Eré 13, òdo ni wọ́n fi jáde: ta ló ba ọdún 2003 jẹ́ fún West Point?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìkàlẹ̀. Houston ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé ìwé rẹ̀, àwọn ará West Point sì ti kọ̀wé sí i pé ìṣeré rẹ̀ wu àwọn. Bàbá rẹ̀ ti ń yọ̀. Èmi lọ wo ìtàn wọn, mo rí i pé lọ́dún 2003 eré 13 ni wọ́n gbá, wọn ò borí ẹyọ kan. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gágun o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò lè borí lórí pápá, báwo ló ṣe máa borí lójú ogun? Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí wọ́n gbájú mọ́ ìbọn? Ṣé irú ibẹ̀ ni kí n fi ọmọ mi sí?

* * *

Màmá ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà. Kí ọdún 2003 tó dé, kò tíì sí ikọ̀ kankan ní ìpele òkè bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà tó gbá eré 13 nínú sáà kan tó sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Army, bí wọ́n ṣe ń pe ikọ̀ West Point, ló kọ́kọ́ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Todd Berry ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí sáà náà bẹ̀rẹ̀. Ó pàdánù eré 6, wọ́n lé e. John Mumford, tó ń darí àwọn adẹ̀yìnmú lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi dípò. Òun náà pàdánù eré 7 tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn mí. Newburgh ni mò ń gbé nígbà náà, ìlú kan létí odò Hudson tí kò jìnnà sí West Point. Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni tèmi. Bàbá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, sójà àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀sán Sátidé bá ti lé, á ní kí n ti kẹ̀kẹ́ òun lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá ni mo mọ̀ kí n tó dé ìlú yìí. Bàbá yẹn ló kọ́ mi ní ti àwọn ará ibí, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń fún un lóògùn, bí mo ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀.

Nínú gbogbo eré ọdún yẹn, ti East Carolina ló dùn mí jù. Àwọn náà kò tíì borí ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n pàdé Army. A ní ọjọ́ náà rèé, ẹni tó tó wa la rí yìí. 38 sí 32 ni wọ́n fi na Army. Eré kan ṣoṣo tí East Carolina borí nínú eré 12 tí wọ́n gbá lọ́dún náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, Army fò lọ sí Hawaii, wọ́n nà wọ́n ní 59 sí 28. Ó wá ku Navy, ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi ní Annapolis, tó jẹ́ ọ̀tá wọn láti ọdún 1890. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ní Philadelphia, Navy nà wọ́n ní 34 sí 6.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí eré Army àti Navy bá parí, ikọ̀ méjèèjì á jọ lọ dúró síwájú àwọn ọmọ ilé ìwé ẹni tó pàdánù, wọ́n á kọ orin ilé ìwé yẹn. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á tó jọ sọdá sọ́dọ̀ ẹni tó borí. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ń fẹ́ kí orin tòun ṣìkejì. Lọ́jọ́ yẹn, ti Army ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Bàbá ní kí n gbé òun dìde. Mo fi apá méjèèjì gbé e dúró títí orin náà fi tán.

* * *

Mo padà dé. Mo ti ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yín láti àná. Ọ̀pọ̀ ló gbà pẹ̀lú yín pé ẹni tó ń pàdánù lórí pápá kò lè dúró lójú ogun. Àwọn kan tilẹ̀ pe àwọn ọmọ náà ní ọ̀lẹ. Mi ò gbà, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn mí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi ṣírò.

Àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn wọn nígbà sáà 2003, ìgbà ooru ọdún 2000 ni wọ́n wọ West Point. Lọ́dún àkọ́kọ́ wọn, ikọ̀ náà borí eré 1, ó pàdánù 10. Lọ́dún kejì, ó borí 3, ó pàdánù 8. Lọ́dún kẹta, ó borí 1, ó pàdánù 11. Ọdún kẹrin ni òdo àti 13 yìí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: eré 47, ìborí 5 péré.

Ẹ wá wo òfin ibẹ̀. Kádẹ́ẹ̀tì lè kúrò ní West Point láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ láìjẹ ìjọba ní iṣẹ́ kankan. Ìgbà tí ọdún kẹta bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn á kàwé parí, àwọn á sì ṣiṣẹ́ ológun fún ọdún 5, ó kéré tán. Fún àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí, oṣù Kẹjọ ọdún 2002 ló bọ́ sí. Àwọn ilé gogoro New York ti wó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Sójà Amẹ́ríkà ti wà ní Afghanistan. Ọ̀rọ̀ Iraq ti gba ẹnu gbogbo èèyàn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ lè dìde kó máa lọ, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ikọ̀ tí wọ́n wà ti gbá eré 22, ó ti pàdánù 18 nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́. Wọ́n tún wá gbá eré 25 sí i, wọ́n borí 1.

Ẹni tó bá pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, kó padà lọ ka ìṣirò yẹn.

Ẹ̀wẹ̀, eré kì í ṣe ogun. Eisenhower gbá bọ́ọ̀lù fún Army kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ́dún 1912. Kò gbá a mọ́. Orúnkún yẹn kò ní kó má darí ogun Yúróòpù.

* * *

Arákùnrin kan tó ń gbé ní London kọ̀wé pé òfin ibẹ̀ ló ń pa wọ́n, pé kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè borí pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ ló yẹ́ ẹ sí. Ẹrù náà wúwo lóòótọ́. Àwọn géńdé ńláńlá tó máa ń dúró síwájú lórí pápá, tó jẹ́ pé níbòmíràn oúnjẹ ni wọ́n á máa kì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ní West Point wọ́n gbọ́dọ̀ jò padà dé ìwọ̀n tí iṣẹ́ ológun fẹ́ kí wọ́n tó gba oyè. Kò sí ààyè pé kí ọmọ jókòó ọdún kan kí ara rẹ̀ gbó, kó sì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbòmíràn. Ọdún mẹ́rin, ó tán, ó di ọ̀gá sójà. Ọmọ tó ń lá àlá bọ́ọ̀lù olówó á gbọ́ ọdún 5 yẹn, á yí ẹsẹ̀ padà. Lóde òní tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gba owó ìpolówó ọjà, ti kádẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni.

Mo gbà gbogbo ìyẹn. Ìbéèrè kan ni mo ní fún arákùnrin wa: Navy ńkọ́?

Òfin kan náà ni Navy ń tẹ̀ lé. Ọdún 5 kan náà, ogun kan náà. Lọ́dún 2001, eré 10 ni Navy gbá, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀, Army gan-an ló sì fi 26 sí 17 ti ilẹ̀kùn sáà náà mọ́ wọn lójú. Navy wá pe Paul Johnson láti Georgia Southern. Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, eré 2 ló borí, ó pàdánù 10, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú méjì yẹn ni 58 sí 12 tó fi na Army. Lọ́dún 2003, ọdún òdo tí à ń sọ yìí, Navy borí 8, ó pàdánù 5. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó borí 10, ó pàdánù 2.

Bí òfin bá ni arùn náà, kí ló wo Navy sàn láàárín ọdún méjì?

* * *

Àbúrò kan láti Ìbàdàn bi mí pé kí ni Johnson mú wá, kí n má kàn máa dárúkọ. Ó ṣeun, ìdí ọ̀rọ̀ lo dé yẹn. Ohun tó mú wá ni wọ́n ń pè ní triple option.

Fi gídígbò wò ó. Bí ẹni kékeré bá fẹ́ dá ẹni tó wúwo jù ú lọ, kì í lọ dì mọ́ ọn ní ìbàdí. Ẹsẹ̀ ló ń wá. Á jẹ́ kí ẹni ńlá yẹn fi agbára rẹ̀ sí ibi tí kò sí nǹkan, á wá fà á láti ibòmíràn. Bí option ṣe rí nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dọ́wọ́ quarterback, ẹni tó ń darí ìkọlù ikọ̀, á kọ́kọ́ nà án sí ẹnì kan tó ń sáré gba àárín gbùngbùn kọjá, tí wọ́n ń pè ní fullback. Àmọ́ kì í ṣe fullback ló ń wò. Adẹ̀yìnmú kan wà lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò dí lọ́nà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, ìyẹn ló ń wò. Bí adẹ̀yìnmú náà bá fò mọ́ fullback, quarterback á yọ bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ fullback, á sáré gba ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀, á tún bá ẹlòmíràn tí wọn ò dí lọ́nà. Bí ìyẹn bá dojú kọ ọ́, á ju bọ́ọ̀lù sí ẹni kẹta tó ń bá a sáré. Bí ìyẹn bá yà sọ́dọ̀ ẹni kẹta, quarterback á máa bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta, kí èèyàn tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan ló ti gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Wo ohun tó jẹ́ èrè rẹ̀ fún West Point. Àwọn tó lágbára jù lọ́dọ̀ ọ̀tá, o kò ní bá wọn ti ara wọn rárá, o fi wọ́n sílẹ̀ láti ṣèṣì yàn. Nítorí náà o kò nílò géńdé tó tóbi bí erin. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó yára, tó gbọ́ràn, tó lè ṣe ohun kan náà ní ìgbà 70 láìṣìṣe, ló dára fún un, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ ní West Point. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ikọ̀ tó bá ẹ gbá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rí i. Ọjọ́ mélòó kan ló ní láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni aago: bí ẹ bá ń sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù dípò kí ẹ máa jù ú, aago kì í dúró, bọ́ọ̀lù ò sì ní sí lọ́wọ́ ọ̀tá.

Èyí tó ń mú mi bínú ni pé Army ti mọ èyí kí Navy tó rántí rẹ̀. Jim Young ló gbé irú eré yìí wọ West Point lọ́dún 1984. Lọ́dún náà gan-an, wọ́n borí 8, wọ́n pàdánù 3, wọ́n ta ọ̀mì 1, wọ́n sì lọ sí eré ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní bowl fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ikọ̀ náà ti wà. Lọ́dún 1996, lábẹ́ Bob Sutton, wọ́n borí 10, wọ́n pàdánù 2. Nígbà tí ọdún 1999 wá burú, 3 àti 8, wọ́n lé Sutton, wọ́n pe Berry láti Illinois State, ìyẹn sì kó option dànù. Ó fẹ́ máa ju bọ́ọ̀lù bí àwọn ilé ìwé ńlá.

Mi ò bú Berry. Ó ṣe dáadáa ní Illinois State, ohun tó mọ̀ ló wá ṣe. Àwọn tó pè é ni mo ń bá wí. Wọ́n mọ irú ọmọ tí wọ́n ní, wọ́n mọ̀ pé àwọn ò lè ní irú mìíràn, wọ́n sì lọ pe ẹni tí eré rẹ̀ nílò irú mìíràn yẹn. Bàbá mi nílé ìtọ́jú kò lo gbólóhùn gígùn. Bí quarterback bá ti fa ọwọ́ sẹ́yìn láti ju bọ́ọ̀lù, tí àwọn géńdé ọ̀tá sì ti ya bo ó, á fi ọwọ́ lu apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ gbé e sáré! Ẹ gbé e sáré!"

* * *

Ẹnì kan bèèrè pé ta ni Michie tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré wọn. Ọ̀rọ̀ yìí yà díẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀. Dennis Michie ni kádẹ́ẹ̀tì tó kó ikọ̀ Army àkọ́kọ́ jọ lọ́dún 1890. Navy nà wọ́n ní 24 sí 0. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1898, wọ́n pa á lójú ogun ní San Juan, lẹ́bàá Santiago de Cuba. Pápá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1924 ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí Bàbá sọ ìtàn yẹn fún mi ni mo mọ̀ pé ikọ̀ yìí ti mọ ìpàdánù láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Wọ́n ti rí ayé dáadáa o. 1944, 1945 àti 1946, kò sí ta ni yóò mú wọn. Doc Blanchard gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, lọ́dún 1945, Glenn Davis gbà á lọ́dún 1946. Pete Dawkins tún gbà á lọ́dún 1958. Wọ́n sì ti rí ibi kí 2003 tó dé: lọ́dún 1973, eré 10, òdo, Navy fi 51 sí 0 parí rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 1951 ni Bàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ létí òun. Ọdún yẹn ni wọ́n lé nǹkan bí kádẹ́ẹ̀tì 90 kúrò nítorí ìdánwò tí wọ́n jí wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo bi í pé ṣé ìyẹn burú ju òdo àti 13 lọ ni, ó wò mí bí ìgbà tí mo bú u. Ó ní àwọn ọmọ 2003 kò jí nǹkan kan.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹni tó bá mi jà jù. Ó ní irọ́ ni mò ń pa pé option ló ń gbà wọ́n là. Ó rán mi létí pé Rich Ellerson wá lọ́dún 2009, option ló sì ń gbá, àmọ́ lọ́dún 2011 ó borí 3, lọ́dún 2012 ó borí 2, lọ́dún 2013 ó tún borí 3. Ó ní kí n ṣàlàyé.

Òótọ́ lo sọ, mi ò sì lè sá fún un. Option nìkan kò tó. Ellerson gbé wọn dé bowl lọ́dún 2010, wọ́n sì borí SMU ní 16 sí 14, ṣùgbọ́n kò borí Navy rí. Fún ìdí èyí mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ: láìsí option, West Point kò ní ọ̀nà. Bí option bá wà, ọ̀nà wà, ó wá ku ẹni tó máa rìn ín dáadáa.

Àti pé mo gbàgbé ohun kan tó tóbi. Lọ́dún 1998, Army darapọ̀ mọ́ Conference USA. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń yan ẹni tí wọ́n máa bá gbá. Nínú líìgì yẹn, ẹni tí wọ́n bá fún ọ lo máa bá gbá, ilé ìwé tó ń kó ọmọ jọ láìsí òfin ìwọ̀n ara sì ni gbogbo wọn. Ọdún 7 ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n borí eré 9, wọ́n pàdánù 41. Fi ìyẹn kún option tí wọ́n kó dànù, wàá rí ibi tí 2003 ti wá. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló pàdé, orí ọmọ ogún ọdún ni méjèèjì sì wó lé.

Ó tún ku sùúrù. Lẹ́yìn 2003 wọ́n pe Bobby Ross, ẹni tó ti gbé ikọ̀ dé Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù olówó Amẹ́ríkà. Ọdún 2004 ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá: wọ́n pàdánù 4 àkọ́kọ́, bí a bá sì ka 2 tó kẹ́yìn ọdún 2002 mọ́ ọn, ó di eré 19 léra wọn láìborí. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni ìdè yẹn já, 48 sí 29, Cincinnati ni wọ́n nà. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá sunkún, èmi náà sunkún, nọ́ọ̀sì ọ̀gá wa sáré wọlé pé ta ló kú.

Nígbà tí Jeff Monken wá dé fún sáà 2014, ọmọ ẹ̀yìn Paul Johnson ni, ó borí 4. Lọ́dún kejì, ó borí 2, ó pàdánù 10. Ẹ wo ọdún kejì yẹn dáadáa, ó burú ju ọdún kejì Berry lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2016, ó borí 8. Lọ́dún 2017, ó borí 10. Lọ́dún 2018, ó borí 11, ó pàdánù 2 péré. Ọ̀kan nínú méjì yẹn ni ti Oklahoma, 28 sí 21, lẹ́yìn àfikún àkókò. Nínú ìṣẹ́jú 60, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Army fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 44. Àwọn ọmọ Oklahoma tó ń lọ sí bọ́ọ̀lù olówó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ń wòran. Lọ́dún 2024 wọ́n tún wọ líìgì mìíràn, American Athletic Conference, wọ́n sì gba ife rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ìborí 12, ìpàdánù 2.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òfin ibẹ̀ yí padà láàárín ìgbà yẹn. Ọdún 5 ṣì ni ọdún 5.

* * *

Ní ti pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀: rárá. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn ọmọ 2004 kò ní rí Cincinnati nà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí.

* * *

Màmá ọmọ wa, mo ti rìn jìnnà sí ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo máa sọ fún àbúrò mi lọ́mọ ìyá.

Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìwé ìgbàwọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fẹ́ràn ọmọ, àmọ́ ọmọ náà ṣì nílò kí aṣòfin kan ní ìlú yín, yálà sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú, fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ìwé rẹ̀ sì dára. Bí àsímà bá ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti lé ní ọmọ ọdún 13, ẹ tètè sọ ọ́, nítorí ó lè dí i lọ́nà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ ní ìyàwó, kò sì gbọdọ̀ ní ọmọ tó ń bọ́. Wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ lo ọdún kan nílé ìwé ìmúrasílẹ̀ wọn. Ẹ má ka ìyẹn sí ìtìjú, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn ló gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ò ní san owó ilé ìwé. Ara rẹ̀ ló máa san án.

Ẹ bi í ní ìbéèrè kan nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nítòsí: bí orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ṣé á ṣì fẹ́ wà níbẹ̀? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wo òdo àti 13 mọ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó wá ilé ìwé mìíràn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Bàbá kú lọ́dún 2009. Navy borí Army ní ìgbà 14 léra wọn, láti 2002 dé 2015, kò rí òpin rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní Baltimore, Army fi 21 sí 17 borí. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Nígbà tí orin Navy tán tí wọ́n sọdá wá kọ ti Army, mo dìde, mo dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.

Mo ṣì wà ní àgbègbè yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ náà wá wò wọ́n ní Sátidé kan, ẹ má dúró di ìgbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè wá láàárọ̀, nígbà tí àwọn kádẹ́ẹ̀tì bá ń yan lórí pápá wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wo ojú rẹ̀.